Àwọn Ọmọ Ìyá Mẹ́ta tí Wọ́n Sọ Ẹgbẹ́ Orin Wọn ní Ikú

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a bá bí ọmọ ní àkókò ọdún, a ó pè é ní Abíọ́dún. Bí bàbá àgbà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ papò dà tí a sì bí ọmọkùnrin tẹ̀ lé e, Babátúndé ni a ó pè é. Àwa Yorùbá kò fẹ́ràn láti máa fi ẹnu ara wa pe ikú lásán. Síbẹ̀, bí ẹ bá fara balẹ̀ wo ìwé orúkọ tí olùkọ́ ń pè ní òwúrọ̀, ẹ ó rí i pé ikú kò ṣàì sí nínú rẹ̀. Kúmápàyí ń bẹ níbẹ̀, Kúforíjì ń bẹ níbẹ̀, Kúkọ̀yí náà sì ń bẹ níbẹ̀. Ìdílé tí ikú ti mú ọmọ méjì tàbí mẹ́ta lọ ni ó kọ́kọ́ ń sọ ọmọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn ikú. Ńṣe ni wọ́n dojú kọ ọ́, tí wọ́n sì pè é lórúkọ, kí ìbẹ̀rù rẹ̀ lè kúrò nínú ilé.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín, ìtàn orúkọ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìtàn orin. Ní ìlú Detroit ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta kan, aláwọ̀ dúdú, dá ẹgbẹ́ orin kékeré kan sílẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Death, èyí tí í ṣe Ikú ní èdè wa. Nígbà tí mo dárúkọ ẹgbẹ́ náà fún ìyá mi ní ìgbà ìsinmi tí ó kọjá, ó ní, “Olúwa má jẹ̀ẹ́ o,” ó sì kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ tún pe irú orúkọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé òun mọ́. Àwọn olówó tí ń ta àwo orin ní Amẹ́ríkà kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 1975. Orúkọ yìí ni ó gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí orin rọ́ọ̀kì jẹ́, nítorí pé ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ti ilẹ̀ Gánà wá, tí a jọ ń gbé yàrá kan náà, sọ fún mi pé ariwo ni òun gbọ́, òun kò gbọ́ orin. Gìtá tí ń lo iná mànàmáná ni òpó tí orin yìí dúró lé. Gìtá kan ni yóò máa ké lókè; gìtá kejì, tí okùn rẹ̀ nípọn, yóò máa dún nísàlẹ̀; onílù yóò sì máa fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lu ìlù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ènìyàn mẹ́ta bá ti pé, ẹgbẹ́ ti pé nìyẹn. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni wọ́n bí orin náà láti inú orin blúùsì àti orin ṣọ́ọ̀ṣì wọn, àwọn bí Chuck Berry àti Little Richard sì wà lára àwọn tí wọ́n mú un jáde sí gbangba ní nǹkan bí 1955. Ṣùgbọ́n kò ju ọdún mẹ́wàá lọ tí àwọn aláwọ̀ funfun fi gbà á mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ayé fi gbàgbé ẹni tí ó ni ín. Nígbà tí ó yá, bí ọmọ aláwọ̀ dúdú bá gbé gìtá tí ó sì ń lù ú kíkankíkan, àwọn ará àdúgbò rẹ̀ gan-an ni yóò sọ pé orin òyìnbó ni ó ń kọ.

Ìlú Detroit ni ìlú tí a ti ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ti gúúsù Amẹ́ríkà wá síbẹ̀ láti wá iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Ford àti ti àwọn mìíràn. Ibẹ̀ náà ni ọ̀gbẹ́ni Berry Gordy ti dá ilé iṣẹ́ àwo orin Motown sílẹ̀ ní 1959. Orin Motown dùn, ó mọ́, ó sì gún; àwọn akọrin rẹ̀ wọ aṣọ iyì, ẹsẹ̀ wọn sì bára mu nínú ijó. Gbogbo ayé ni ó fẹ́ràn rẹ̀, àwọn òbí wa pàápàá jó sí i. Ohun tí a sì ń retí lọ́wọ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú tí ó bá fẹ́ kọrin ní Detroit nìyẹn, kódà lẹ́yìn tí Motown ti kó lọ sí Los Angeles ní 1972.

Hackney ni orúkọ ìdílé àwọn ọmọ tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn. David ni ẹ̀gbọ́n nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Dannis tẹ̀ lé e, Bobby sì ni àbúrò wọn. Ilé onígbàgbọ́ ni a ti tọ́ wọn. Ní 1964, bàbá wọn pè wọ́n jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n lè wo àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn Beatles, tí wọ́n wá kọrin fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Wọ́n ní ní ọjọ́ kejì gan-an ni David rí gìtá kan tí ẹnìkan ti sọ nù sí ẹ̀yìnkùlé. Ó gbé e wálé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Bàbá tí ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó ní alẹ́ ọjọ́ náà kò mọ̀ pé òun ń pín iṣẹ́ ayé wọn fún wọn.

Ní 1971 ni wọ́n di ẹgbẹ́ olórin. Orin ijó ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ, irú èyí tí àwọn ojúgbà wọn ń kọ, orúkọ tí wọ́n sì ń jẹ́ nígbà náà ni Rock Fire Funk Express. Dannis ń lu ìlù. Bobby ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, òun ni ó sì ń gbé orin. David ń ta gìtá, òun náà sì ni aṣáájú. Lẹ́yìn náà ni David lọ wo ẹgbẹ́ The Who níbi tí wọ́n ti ń ṣeré, Dannis náà sì lọ wo Alice Cooper. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọn kò tún fẹ́ orin ijó mọ́. Rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń fẹ́, èyí tí ó yára, tí ó sì le.

Yàrá kan nínú ilé ìyá wọn ni wọ́n ti ń dánra wò, wọ́n sì máa ń ṣeré fún àwọn ènìyàn nínú ilé tí a kọ́ fún ọkọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú inú wo obìnrin yìí. Ìlù ń dún nínú yàrá, gìtá méjì tí ń lo iná ń ké pẹ̀lú rẹ̀, ògiri ń gbọ̀n, síbẹ̀ kò lé wọn jáde. Àwọn aládùúgbò ń ráhùn. Àwọn mìíràn ń bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò lè kọ orin bí ti àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú yòókù. A kò sábà máa ń kọ orúkọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ sí ara àwo orin, ṣùgbọ́n n kò mọ ẹgbẹ́ olórin kékeré kan tí kò ní irú rẹ̀ lẹ́yìn.

Nígbà tó ṣe, ìjàmbá pa bàbá wọn. Ọ̀rọ̀ náà wọ David lára ju bí ó ti wọ àwọn yòókù lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ikú lọ́sàn-án àti lóru, ó sì dé ibi tí ó fi sọ fún àwọn àbúrò rẹ̀ pé ẹgbẹ́ àwọn yóò máa jẹ́ Ikú. Ohun tí ó ní lọ́kàn, gẹ́gẹ́ bí Bobby ti ṣàlàyé ní 2010, ni pé kí àwọn mú ikú kúrò ní ipò ohun búburú, kí àwọn sì sọ ọ́ di ohun rere. Bobby fi kún un pé kò rọrùn láti mú kí ẹnikẹ́ni gba ọ̀rọ̀ náà. David tún ya àmì kan fún ẹgbẹ́ náà: igun mẹ́ta kan tí ó ní àmì roboto mẹ́ta, èyí tí ó dúró fún ẹ̀mí, fún ọkàn àti fún ara, ìkẹrin dá dúró lọ́tọ̀, èyí sì dúró fún Ọlọ́run tí ń tọ́ àwọn mẹ́ta yòókù sọ́nà. Ẹ kò rí i pé èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ tí ó kàn fẹ́ dẹ́rù ba àwọn ènìyàn.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí lọ, mo ti rò ó bọ̀. Ó dá mi lójú pé bí David bá jẹ́ Yorùbá, àwọn àgbà ìdílé rẹ̀ ì bá tètè lóye ohun tí ó ń wí. Ó wo ilé, ó sì sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí ó yẹ kí á kíyè sí. Nínú orúkọ tiwa, ikú kì í dá dúró. A máa ń fi ọ̀rọ̀ mìíràn tì í: ikú má pa èyí, ikú foríjì, ikú kọ èyí. Ẹ̀bẹ̀ wà níbẹ̀, tàbí ìṣẹ́gun. Orúkọ tí David sọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀yìn. Ikú ṣáá ni. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e wà nínú ọkàn David, ẹni tí kò bá sì bá a jókòó kí ó gbọ́ àlàyé rẹ̀, ìdajì orúkọ náà péré ni ó gbọ́, ìdajì tí ó sì burú ni.

Síbẹ̀, wọ́n rí ẹni gbọ́ orin wọn. Ilé iṣẹ́ kan ní Detroit tí ń jẹ́ Groovesville, ti ọ̀gbẹ́ni Don Davis, gbà wọ́n, nígbà tí ó sì di 1975, wọ́n wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ United Sound láti kọ orin sínú téèpù. Ọ̀gbẹ́ni Jim Vitti ni ó wà nídìí ẹ̀rọ. Orin méjìlá ni wọ́n fẹ́ kọ.

Níbí yìí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí òwò àwo orin ti rí ní ìgbà náà, kí ọ̀rọ̀ tí ó kàn lè yé wa. Olórin kì í sábà ní owó tí yóò fi gba ilé ìgbohùnsílẹ̀, tí yóò fi tẹ àwo, tí yóò sì fi kó o lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tà á káàkiri orílẹ̀-èdè. Ilé iṣẹ́ ńlá ni ó ń náwó náà ṣáájú. Ilé iṣẹ́ náà ni ó ń bá àwọn onírédíò sọ̀rọ̀, òun ni ó ń tẹ àwòrán olórin mọ́ ara ògiri, òun ni ó sì ń kọ́kọ́ yọ owó tirẹ̀ kúrò kí ohunkóhun tó kan olórin. Nítorí náà, ó ní ẹnu nínú ohun gbogbo. Ó lè sọ pé kí olórin pààrọ̀ aṣọ, kí ó pààrọ̀ irun, kí ó sì pààrọ̀ orúkọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó sì gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ebi kò gbọ́ àlàyé.

Gẹ́gẹ́ bí ìdílé Hackney ti sọ ọ́, ọ̀gbẹ́ni Clive Davis, ọ̀kan nínú àwọn olówó ńlá tí ó lágbára jù lọ nínú òwò àwo orin ní Amẹ́ríkà, gbọ́ orin wọn, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Òun ni ó ń fi owó ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe: kí wọ́n wá orúkọ mìíràn tí ènìyàn lè fi ta ọjà.

David kọ̀ jálẹ̀.

Owó náà dáwọ́ dúró. Nínú orin méjìlá tí wọ́n fẹ́ kọ, méje ni wọ́n rí kọ. Bobby àti Dannis kò fi í pamọ́ ní ẹ̀yìn ọ̀la pé ọ̀rọ̀ náà dun àwọn. Ọ̀dọ́mọdé ni wọ́n, ilẹ̀kùn tí wọ́n ti ń kàn láti ìgbà èwe sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wọn ni ó sọ̀rọ̀, wọ́n sì dúró tì í.

Ní ilé ìbùsùn wa, a jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí títí tí wọ́n fi pa iná. Ọ̀kan nínú wa láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní agídí ni David ṣe, ó sì fi agídí rẹ̀ gba àkàrà lẹ́nu àwọn àbúrò rẹ̀. Òmíràn ní bí ó bá ti lè pààrọ̀ orúkọ lónìí, lọ́la wọn yóò ní kí ó pààrọ̀ orin. Èrò tèmi nìyí. Orúkọ yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń ṣe ẹwà. Ìrántí bàbá wọn ni. Ẹni tí ó bá ní kí o yọ ọ́ nítorí ọjà, ó ń ní kí o ta bàbá rẹ. Nítorí náà, David jàre. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé ó jàre pátápátá. Ẹ̀gbọ́n tí àwọn àbúrò rẹ̀ ń tẹ̀ lé láìbéèrè, ó yẹ kí ó bi wọ́n léèrè nígbà tí ọ̀nà bá pín sí méjì, nítorí pé bàbá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó kú, iṣẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sì lọ.

Téèpù tí wọ́n ti kọ orin méje sí kù sí wọn lọ́wọ́. Ní 1976 wọ́n dá ilé iṣẹ́ àwo tiwọn sílẹ̀, wọ́n pè é ní Tryangle, nítorí àmì igun mẹ́ta yẹn. Ohun tí a ń pè ní ẹgbẹ́ olórin adádúró nìyí: ẹgbẹ́ tí kò sí ilé iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn rẹ̀, tí ó ń fi owó ara rẹ̀ tẹ àwo, tí ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín in. Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. A ó kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ kan kọ ohùn inú téèpù sí ojú àwo rírọ̀; a ó fi àwo rírọ̀ yìí ṣe irin tí ó jọ òǹtẹ̀; a ó sì fi irin náà tẹ ike gbígbóná ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí iye tí owó rẹ bá ká yóò fi pé. Iye tí owó àwọn ọmọ Hackney ká ni ẹ̀dà 500. Àwo kékeré ni, orin kan ní iwájú, ọ̀kan ní ẹ̀yìn. Politicians in My Eyes ni ti iwájú, orin tí ó ń bá àwọn olóṣèlú wí fún ẹ̀tàn wọn. Keep on Knocking ni ó wà ní ẹ̀yìn.

Wọ́n gbé e lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò. Orin ijó dísíkò ni ó gba ìgboro kan ní àkókò yẹn, kò sì sí ẹni tí ó mọ ibi tí ó yẹ kí ó fi wọ́n sí. Rédíò àwọn aláwọ̀ dúdú ní orin òyìnbó ni. Rédíò àwọn aláwọ̀ funfun rí orúkọ Ikú, ó sì rí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ nínú 500 náà ni kò rí ẹni rà á.

Nínú ọdún 1976 kan náà, ní oṣù kẹrin, ẹgbẹ́ Ramones ti ìlú New York gbé àwo ńlá wọn àkọ́kọ́ jáde. Orin kúkúrú ni, orin tí ó yára tí ó sì le, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kọ ìtàn orin sì ń ka àwo náà sí ọ̀kan nínú ìpìlẹ̀ orin tí a ń pè ní páńkì. Bí a bá fi orin tí àwọn ọmọ Hackney kọ ní 1975 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n jọ. N kò sọ pé àwọn ni wọ́n dá páńkì sílẹ̀ o. Ẹni tí kò sí ẹni tí ó gbọ́ ohùn rẹ̀ kò lè kọ́ ẹlòmíràn lórin. Ohun tí mo ń sọ ni pé wọ́n ti débẹ̀, wọ́n sì wà níbẹ̀ láìsí ẹlẹ́rìí.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e kò gùn. Ní 1977 wọ́n kúrò ní Detroit lọ sí Burlington ní ìpínlẹ̀ Vermont, ní ìhà àríwá níbi tí òjò dídì pọ̀ sí. Ẹgbẹ́ Ikú parí. Wọ́n yí orúkọ padà sí The 4th Movement, wọ́n sì gbé àwo méjì jáde nínú èyí tí wọ́n ti fi rọ́ọ̀kì kọ orin ìyìn. Ní 1982, ọkàn David fà sí ilé, ó sì padà sí Detroit. Bobby àti Dannis dúró sí Vermont, wọ́n fẹ́ ìyàwó, wọ́n bímọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ orin régè kan sílẹ̀ tí ń jẹ́ Lambsbread. Wọn kò sọ ìtàn ẹgbẹ́ Ikú fún àwọn ọmọ wọn.

David kò rí iyì kankan gbà lórí orin rẹ̀ kí ó tó kú. Àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró ni ó pa á ní 2000. Ṣùgbọ́n kí ó tó kú, ó ti gbé téèpù orin méje náà fún Bobby pé kí ó tọ́jú rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ayé yóò wá béèrè rẹ̀. Bobby gbà á nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó gbé e sí àjà ilé, ibẹ̀ ni ó sì wà.

Láàárín àkókò yìí, díẹ̀ nínú ẹ̀dà 500 yẹn ń kiri ayé. Àwọn ènìyàn kan wà ní Amẹ́ríkà tí iṣẹ́ wọn, tàbí wèrè wọn, kò ju kí wọ́n máa wá àwo àtijọ́ tí kò wọ́pọ̀ lọ. Irú wọn ni ó kọ́kọ́ rí àwo kékeré tí a kọ Death sí lára. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé ta ni àwọn wọ̀nyí. Kò pẹ́ tí ẹ̀dà kan ṣoṣo fi di ohun tí wọ́n ń ra ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là. Láti ọwọ́ wọn ni orin náà ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti ibẹ̀ ni ó sì ti dé òde àríyá àwọn ọ̀dọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Bobby ń gbé ní California nígbà náà. Ó wà láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹnìkan fi orin kan sí ẹ̀rọ, orin tí gbogbo wọn ń pariwo rẹ̀ bí ohun ìyanu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ hú jáde nínú ilẹ̀. Ó tẹ́tí sílẹ̀. Ohùn bàbá rẹ̀ ni. Ẹ fi ara yín sí ipò ọmọ yìí: bàbá tí o mọ̀ sí olórin régè jẹ́jẹ́, tí ó tọ́ ọ dàgbà, òun náà ni ó ń ké nínú àwo tí àwọn àjèjì ń fi owó ńlá rà. Ó ké sí ilé. Bobby kò ní ohun mìíràn láti ṣe ju kí ó sọ gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó sì gòkè lọ sí àjà ilé.

Ní 2009, ilé iṣẹ́ Drag City ti ìlú Chicago, tí òun náà jẹ́ ilé iṣẹ́ kékeré adádúró, gbé orin méjèèje jáde lápapọ̀. Àkọlé tí wọ́n fún àwo náà, …For the Whole World to See, túmọ̀ sí pé kí gbogbo ayé rí i. Àwo náà kò gùn tó ìdajì wákàtí. Ní oṣù kẹta ọdún náà, ìwé ìròyìn New York Times kọ ìtàn wọn, Jack White, olùta gìtá tí òun náà jẹ́ ọmọ Detroit, sì jẹ́rìí níbẹ̀ pé òun kò lè gba ohun tí òun ń gbọ́ gbọ́ nígbà tí òun kọ́kọ́ gbọ́ orin wọn. A tún ṣe fíìmù ìtàn wọn, A Band Called Death, ní 2012. Drag City kò ní kí wọ́n pààrọ̀ orúkọ. Ikú tí a kọ sí ojú àwo ní 1976, òun náà ni a kọ sí i ní 2009, àwọn ènìyàn sì ń rà á. Ohun tí ó dé bá orúkọ yẹn láàárín ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni pé ayé ti wá gbọ́ ìdajì kejì rẹ̀, èyí tí ó wà nínú ọkàn David.

Ní oṣù kẹsàn-án 2009, Bobby àti Dannis tún gun orí pèpéle ní orúkọ ẹgbẹ́ wọn àtijọ́, wọ́n sì ṣeré nígbà mẹ́ta. Bobbie Duncan, tí ń ta gìtá fún wọn nínú Lambsbread, ni ó dúró sí ipò David.

Àwọn ọmọ Bobby kò tilẹ̀ dúró de àwo náà. Ní 2008, mẹ́ta nínú wọn, Julian, Urian àti Bobby kékeré, ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ kí wọ́n lè máa kọ orin bàbá wọn àti ti àwọn arákùnrin rẹ̀ fún ìran tí kò gbọ́ ọ rí. Nígbà tí ó di pé kí wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà lórúkọ, àwọn náà wo ilé. Lẹ́yìn tí David ti padà sí Detroit, orin tí ó ń dá kọ kò jáde ní orúkọ Ikú mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò jáde ní orúkọ David Hackney. Ó pe ara rẹ̀ ní Rough Francis. Orúkọ yẹn ni àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ mú.